Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Sọ Tẹnu Rẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi tí ẹ ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, láti Berger ní Apápá títí dé Ring Road àti Ìwó Road n'Ìbàdàn, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá. Kí n tó sọ ohun tó gbé mi kọ̀wé, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ọ̀tá iṣẹ́ yín. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo ti rà láyé mi, lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni mo sì ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní kò sí yín ni, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ì bá máa fi rìn, nítorí iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ tuntun lónìí, olùkọ́ bíi tèmi ò tó dá a lábàá. Ẹni tó mọ oore yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ò pọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo, ẹ má dì í lẹ́nu.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín. N ò ní dárúkọ onítọ̀hún, n ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ọ̀hún, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan ni mo wá rò. Aago mọ́kànlá àárọ̀ la jọ ṣàdéhùn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ṣíná sí ọkọ̀ sílẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà lókè, ọmọ iṣẹ́ kan sì ń fi aṣọ nu ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ń kọ mànà. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n," lọ̀gá náà wí, "ṣé ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?" Òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí bí ọmọ tó ti sùn lọ. Mo fọwọ́ sún mọ́ ọn, ooru rẹ̀ ń jó mi lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti gbé e jáde láàárọ̀ ni, wọ́n ní àwọn kàn fi yí àdúgbò ká ni. N ò fura. Mo sanwó, mo gbé ọkọ̀ relé, ìyàwó mi wọ́n omi síwájú táyà, ó gbàdúrà, àwọn ọmọ ń fò yí i ká.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe nítòsí Challenge, pé kó bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ó gbé ike síbẹ̀. Ọ́ìlì ò sáré jáde. Ńṣe ló ń fà bí oyin, tó ń lọ́ tìkọ̀. Mẹkáníìkì ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó yà wọ́n síra, ọ́ìlì náà sì fà láàárín ìka rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ó wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló da èyí síbí? Èyí kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀ yín." Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé 5W-20 ni ká máa bù sí i, ọ́ìlì tó ń ṣàn gere bí omi. 5W-20 yìí ni mẹkáníìkì wá bù sí i. Mo sanwó, mo lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mo gbọ́ ọ. Kó. Kó. Kó. Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, bí ẹni pé wọ́n ti ẹnì kan mọ́nú ẹ́ńjìnnì, tó ń fi òòlù kékeré kanlẹ̀kùn. Mo tẹná mọ́ ọkọ̀, ó yára: kókókókó. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó rọra. Rédíò ń kọrin, mo pa á kí n lè gbọ́ dáadáa, inú mi sì pòrúùrù.

Mẹkáníìkì mú sùkùdíráfà gígùn kan. Ó fi ẹnu irin rẹ̀ ti ara búlọ́ọ̀kù, ìyẹn irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ lé etí, ó dijú. Ó ń gbé e láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn pàápàá, ó fọwọ́ dá a lẹ́kun. Nígbà tó lajú, ó ní, "Bearing ni. Ọ́ìlì tó ki yẹn ló ń bò ó mọ́lẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ n da irú ẹ̀ padà sí i. Á dákẹ́ fún oṣù kan sí méjì. Kí ẹ fi tà á."

Mo rò ó. Ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, gbogbo òru ọjọ́ yẹn ni mo fi rò ó, nítorí owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi ra ọkọ̀ náà, n ò sì tíì san ìdajì. Ohun tó dá mi dúró ni ẹni tó máa rà á. Mo ń rí i lójú inú mi: ìyá kan tó ń kó ọjà lọ sí Bódìjà, tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ fi ṣe takisí kó lè fi gbé ìyàwó. N ò tà á. Àmọ́ n ò lówó tí mo fi lè tú ẹ́ńjìnnì nígbà náà, mo sì ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, mo ń retí kí oṣù parí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló ti já mi jù sílẹ̀. A ti kọjá Ògèrè, mo wà lórí 90. Màmá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ mi méjì wà lẹ́yìn. Ìró yẹn kọ́kọ́ le sí i, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì ń ṣẹ́jú, kí n tó sọ pé kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbọ́ gbàù lábẹ́ wa, ẹ́ńjìnnì sì kú. Ẹni tí irú rẹ̀ ò bá ṣe rí ò lè mọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítíárìn á di òkúta lọ́wọ́ ẹni, búréèkì á le bíi pákó lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì ló ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Tírélà kan wà lẹ́yìn wa. Ó fọn fèrè, fèrè náà ò dákẹ́, mo sì ń fi ọwọ́ méjèèjì àti èjìká fa sítíárìn náà sí ọ̀tún. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì. Nígbà tí a dúró tán, màmá mi di apá ẹ̀wù mi mú. Kò sọ nǹkan kan. A sọ̀ kalẹ̀, a jókòó sínú koríko, ó ṣì dì í mú.

Kọ́n-rọ́ọ̀dù ti lu ara búlọ́ọ̀kù já. Ihò náà gba àtàǹpàkò mi. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ọ́ìlì tó kù nísàlẹ̀ ń dán yinrinyinrin, èérún irin ló kún inú rẹ̀. Ó yọ bearing kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Irin fẹ́lẹ́ ni, ó rí bí ìdajì òṣùpá, ó yẹ kí inú rẹ̀ jọ̀lọ̀ kó sì ní àwọ̀ eérú. Eléyìí ti gé yánkan-yànkan, bàbà abẹ́ rẹ̀ ti yọjú, etí rẹ̀ kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé tí táyà gùn. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ tó bá ń kà á. Kọ́n-rọ́ọ̀dù ló so pístìnnì, tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, mọ́ kíráǹkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀. Ibi tó ti gbá kíráǹkì mú ni bearing wà. Irin ò gbọdọ̀ kan irin níbẹ̀. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ló wà láàárín wọn, orí rẹ̀ ni kíráǹkì ti ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọ́ìlì bá gbẹ, tó bá dọ̀tí, tàbí tí nǹkan bá dí ọ̀nà tó ń gbà, irin á máa jẹ irin, àyè á sì là sílẹ̀. Inú àyè yẹn ni kọ́n-rọ́ọ̀dù ti ń lu kíráǹkì. Òun ni kó-kó-kó tí à ń gbọ́. Bí ẹ bá da ọ́ìlì tó ki sí i, á kún àyè náà bí ìgbà téèyàn fi aṣọ wé òòlù. Ìró á relẹ̀. Àyè náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò dákẹ́, àwa la dì í lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo kà sì kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ wà ní ìsọ̀ yín. Tèmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Hyundai kéde ní Amẹ́ríkà pé òun ń pe Sonata tó tó 470,000 padà kí wọ́n lè tún àléébù wọn ṣe, ti 2011 àti 2012. Ẹ́ńjìnnì 2.0 àti 2.4 tí wọ́n ń pè ní Theta II ló wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kíráǹkì ní ilé iṣẹ́ wọn ní Alabama, èérún irin ṣẹ́kù sínú rẹ̀, wọn ò fọ̀ ọ́ kúrò tán. Èérún yìí ló ń dí ọ́ìlì lọ́nà kó má dé ìdí bearing. Ọkọ̀ á kọ́kọ́ máa ṣe kó-kó-kó, tí onítọ̀hún bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè kú lójijì lórí eré. Ní 2017, wọ́n fẹ ìpè náà lójú, ó kan Sonata ti 2013 àti 2014, Santa Fe Sport, Kia Optima, Sorento àti Sportage, gbogbo rẹ̀ bíi mílíọ̀nù 1.2. Èwo ni kì í kọjá níwájú ilé wa lójoojúmọ́ nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí?

Àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ní àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì pẹ́ kí wọ́n tó pe ọkọ̀ padà. Ní oṣù kọkànlá 2020, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìtanràn: mílíọ̀nù 140 dọ́là fún Hyundai, mílíọ̀nù 70 fún Kia, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n ní kí wọ́n fi tún ètò ààbò wọn ṣe. Ẹnjiníà kan láti Kòríà, Kim Gwang-ho, tó ń ṣiṣẹ́ ní Hyundai fúnra rẹ̀, ló tú àṣírí náà. Ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, àjọ náà fún un lówó tó lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là nítorí pé ó sọ̀rọ̀. Ohun tó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni pé wọ́n kọ ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ náà, tó ń fetí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n. Tó bá gbúròó pé bearing fẹ́ bàjẹ́, á tan iná, á sì dín eré ọkọ̀ kù kó tó di pé ohunkóhun fọ́. Lọ́hùn-ún, wọ́n kọ́ ọkọ̀ kó lè gbọ́ kó-kó-kó ṣáájú ẹni tó ń wà á. Níbí, à ń da ọ́ìlì sí i kí etí kankan má gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ò mọ sórí ilé iṣẹ́ méjì yìí náà. Ní oṣù karùn-ún 2024, Toyota, tí gbogbo wa fi ń búra, pe Tundra àti Lexus LX tó tó 102,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí èérún irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì bákan náà. Camry tí à ń pè ní Muscle ńkọ́? Àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló ń jẹ ọ́ìlì. Ní 2015, Toyota ṣètò ní Amẹ́ríkà láti bá àwọn onírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ pístìnnì àti ríìngì láìgba kọ́bọ̀, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ń jẹ ọ́ìlì kọjá ààlà. Àwọn ará ibẹ̀ ni ètò yẹn wà fún. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ n'Ìbàdàn, géèjì ọ́ìlì ni kó máa fà yọ lárààárọ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó sọ fún un, yóò máa wà á títí ọ́ìlì á fi gbẹ, òun náà á sì gbọ́ kó-kó-kó.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń tan ẹ̀yin náà. Orí fóònù lẹ ti ń ra ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ní ọjà gbàǹjo Amẹ́ríkà, àwòrán lẹ fi ń rà á, àwòrán kì í sì í dún. Ọkọ̀ á dé èbúté, bátìrì rẹ̀ á ti kú, owó kọ́sítọ́ọ̀mù á ti jẹ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà tí ẹ bá ṣíná lẹ tó máa gbọ́ ohun tí ẹ rà. Ó ń dùn mí fún yín. Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀nà láti mọ̀ ṣáájú wa. Nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, tí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí nhtsa.gov, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Á sọ bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà rí tí wọn ò sì tíì tún un ṣe. Kí ẹ tó san owó ní gbàǹjo ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Bí èmi oníbàárà bá sì béèrè rẹ̀ kí n tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bí olè. Ọ̀gá kan bi mí rí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, bí ẹni pé nọ́ńbà báńkì rẹ̀ ni mo ní kó ká fún mi.

N ò sọ pé gbogbo ariwo ni ikú ẹ́ńjìnnì o. Bẹ́líìtì tó ti gbó máa ń han, irin tó bo ẹ̀kísọ́ọ̀sì lábẹ́ máa ń jà pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní kan sì wà tí ìró títa epo sínú wọn ń dún tíkítíkí láìsí àléébù kankan. Àwọn oníbàárà kan ń sá fún ọkọ̀ tó dára nítorí irú ìró bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin sì ń pàdánù. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká jọ gbọ́ ọ. Ìró kan wà tó jẹ́ àárọ̀ kùtù nìkan ló ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: ṣéènì tó ti dẹ̀, pístìnnì tó ti jẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á pa mọ́. Ti bearing yàtọ̀ síyẹn, ooru ló máa ń mú un sọ̀rọ̀, tí ọ́ìlì bá ti fẹ́lẹ́, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti wà á fún bí ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá bá ọkọ̀ lórí iná, tó tẹná mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì níbi tó dúró sí, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó tutù di ìgbà tí a bá dé. Ẹ jẹ́ ká jọ fa géèjì yọ, ká rí ọ́ìlì, ká fi ìka kàn án. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wa wà á jìnnà. Bí àléébù bá wà, ẹ sọ ọ́ síwájú owó: "Ẹ́ńjìnnì yìí ń dún, owó tí màá yọ fún yín nìyí." Èmi á rà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, n ò sì ní padà wá bá yín jà láéláé, torí màá ti mọ ohun tí mo fẹ́ ná. Èyí tí ẹ dì lẹ́nu ni n ò lè foríjì. Nígbà tí mo pe ọ̀gá tó ta ọkọ̀ fún mi, ohun tó sọ ni pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó. Kí ni mo yẹ̀ wò? Ọ́ìlì tó dà sí i ni mo yẹ̀ wò. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní ẹni tó bá ra ọjà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n n ò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Owó oṣù mẹ́rin ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ní Gate, tí wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí iṣu, tí èèyàn ò tilẹ̀ lè ṣíná sí kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Agbára mi ò gbé lọ́yà mọ́ ọn.

Ó wà nínú yín tó ń ṣe é bó ṣe yẹ. Mo mọ ọ̀kan, àgbàlagbà ni, tí kì í ṣíná sí ọkọ̀ kankan kí oníbàárà tó dé. Kọ́kọ́rọ́ ló máa nà sí ẹ, á ní, "Ìwọ fúnra rẹ, ṣí i, kóo sì dákẹ́ kóo gbọ́ ọ." Ọkọ̀ mi kejì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rà á. Ó sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé jíà rẹ̀ máa ń gbá díẹ̀ láàárọ̀, ó yọ owó rẹ̀, mo sì wà á fún ọdún mẹ́fà. Gbogbo ará ilé ẹ̀kọ́ wa tó fẹ́ ra ọkọ̀ látìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo júwe fún wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ìdí tí mo fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ bá àbúrò mi obìnrin ra ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òru ló máa ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òun nìkan nínú ọkọ̀. Mo máa mú bearing yìí dání, kí ẹ lè rí i. Aago méje àárọ̀ la máa dé ìsọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣíná sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín kan, olùkọ́, Ìbàdàn.